Wá Jókòó Síbí, Ìwọ Tó Ń Ṣàsọtẹ́lẹ̀ Eré Oṣù Kejìlá

Bàbá mi, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ lẹ́yìn fèrèsé mi. Òjò kò tíì dá, ọdún Kérésì ṣì jìnnà, ẹ sì ti pín eré orí ìtàgé fún àwọn gbọ̀ngàn l'Ékòó. Ẹnìkan ní Mọremí ni wọn yóò tún gbé jáde. Èkejì ní irọ́ ni, Fẹlá ni. Ìwọ tí mo rò pé o gbọ́n jù wọ́n lọ, o ní wọn yóò gbé ọ̀kan wá láti Amẹ́ríkà. Sún mọ́ mi. Mi ò ní fà ọ́ létí. Ọ̀rọ̀ eré yìí ló wà lọ́kàn mi, bí mi ò bá sì sọ ọ́ fún ọ, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Mi ò ní kí ẹ má sọ tẹ́lẹ̀ o. Láti ìgbà tí Bọ́láńlé Austen-Peters ti gbé eré SARO jáde ní 2013 ló ti mọ́ àwọn ará Èkó lára pé bí ọdún bá ti ń parí lọ, eré olórin ńlá kan gbọ́dọ̀ wà. Wakaa tẹ̀ lé e, ó sì dé Shaftesbury Theatre ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 2016. Lẹ́yìn náà ni eré Fẹlá àti àwọn ayaba Kalakuta, lẹ́yìn náà ni Mọremí ní 2018. Ẹni tó bá ti náwó tó pọ̀ báyẹn sórí aṣọ, iná, oníjó àti onílù kò lè ṣe é lọ́sẹ̀ kan kó sọ ọ́ nù. Yóò tún gbé e jáde ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọ̀kan nínú wọn ń padà bọ̀, ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta wa níbí. New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìtàn ayé rẹ̀ ṣe eré olórin ńlá, ó wọ Broadway ní 2009, kí wọ́n tó gbé e wá sí Eko Hotel ní 2011. Inú mi dùn nígbà náà. Ó sì dùn mí pé ọmọ Ẹ̀gbá ní láti gba Amẹ́ríkà kọjá kó tó dé Èkó.

Ohun tó wá mú mi bínú sí yín gan-an nìyí: ẹ ka orúkọ títí, ẹ ò dárúkọ Ògúńdé. Ẹ̀yin ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn!

Gbọ́ mi. Hubert Ògúńdé, ọmọ Òṣosà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ọlọ́pàá ni kó tó di òṣèré. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1944, ó gbé eré olórin kan tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì jáde ní Glover Memorial Hall l'Ékòó, fún ìjọ Church of the Lord ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Èrò wọ́ wá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dáṣẹ́ sílẹ̀. Ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó, owó oṣù kò sì kúrò níbi tó wà. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níwájú pẹ̀lú Michael Imoudu, ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà sì lé ní oṣù kan. Ògúńdé kò dúró kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Nínú ọdún 1945 yẹn náà ló gbé Strike and Hunger jáde: ìyanṣẹ́lódì àti ebi, pẹ̀lú orin, pẹ̀lú ijó. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú ní Enugu ní 1949, ó tún ṣe Bread and Bullet ní 1950. Bí nǹkan bá ti ń ṣẹlẹ̀ sí ará ìlú ló ń gbé e lọ sórí ìtàgé.

Ìwọ náà wá dá mi lóhùn. Níbo lò ń gbé? Ìjókò ni. Ojú irin tí àwọn èèyàn Imoudu ń tọ́jú nígbà náà, òun náà ló gba ìlú wa kọjá lọ Abẹ́òkúta. Ibùdókọ̀ Ìjókò níbí ni ìyá rẹ ti máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìddó tẹ́lẹ̀, tí yóò dúró láàárín àwọn ẹlẹ́rù títí yóò fi dé ọjà. Níbo lo ti ń ṣiṣẹ́? Iléeṣẹ́ l'Ọ́tà. Ọ̀sẹ̀ kan o wà ní ṣíífù ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kejì o wà ní ti alẹ́, ojú rẹ á wọnú lọ. Bí oṣù bá parí, wàá wá síbí, wàá ka iye tí wọ́n san, wàá ní gààrí àti owó ilé ti gbé e tán. Ta ni ẹ rò pé ó yẹ kó wo eré ìyanṣẹ́lódì àti ebi bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ọmọ iléeṣẹ́ Ọ̀tà? Bí mo bá ní agbára, eré tí mo fẹ́ kí wọ́n jí dìde lọ́dún yìí nìyẹn, ní èdè Yorùbá pọ́ńbélé, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ iléeṣẹ́ àti owó oṣù tòde òní kún un.

Yorùbá Ronú náà ńkọ́? Ẹ ń pariwo gbólóhùn yẹn kiri bí ìdìbò bá ti súnmọ́, ẹ ò mọ̀ pé eré ni. Ní 1964 ni Ògúńdé gbé e jáde, nígbà tí ìjà àwọn olóṣèlú ń fa Ìwọ̀-Oòrùn ya. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bínú, wọ́n fòfin dè é, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ṣeré ní agbègbè wọn mọ́. Ó fi eré mìíràn fèsì, Òtítọ́ Korò. Ọdún 1966, nígbà tí Fájuyì di gómìnà ológun, ni wọ́n tó tú òfin náà ká. Bàbá mi, eré tí ìjọba bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀, ìwọ kò tilẹ̀ ronú kàn án pé ó lè padà wá! Àsọtẹ́lẹ̀ tèmi ni pé wọn kò ní gbé e jáde nígbà tí ìdìbò bá wà nítòsí, ẹ̀rù yóò ba ẹni tó fẹ́ fowó sí i. Mo gbàdúrà kí wọ́n já mi nírọ́.

Má tíì dìde. Ojoojúmọ́ lò ń wọ dánfó ní Ṣàngó Ọ̀tà, o kò sì mọ eré Ṣàngó. Ọba Kò So ni mò ń wí, iṣẹ́ Dúró Ládiípọ̀. Òṣogbo ló ti kọ́kọ́ jáde ní 1963, ní ilé àṣà Mbari Mbayo, nígbà tí ilé náà pé ọdún kan. Ní 1964 ó ti dé Berlin. Mo fojú ara mi rí bàbá yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọge. Òun ni Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún ni Ọya. Bí bàtá bá dún, tí iná yọ lẹ́nu rẹ̀, àwọn àgbàlagbà a máa kí kábíyèsí láti orí ìjókòó wọn. Ẹ tún wá ń sọ Mọremí bí ẹni pé àná ni wọ́n dá a sílẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ ti ṣe Mọremí kí ìyá rẹ tó mọ bàbá rẹ.

Níbi Ọba Kò So yìí ni ìbẹ̀rù mi wà. Mo ti lọ wo eré kan tí wọ́n ní wọ́n jí dìde, mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é. Aṣọ dára, iná ń tàn yòò. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ ni ìlù ti ń dún, kò sí onílù kankan lórí ìtàgé. Ọmọbìnrin tó ń ki oríkì ọba ń ki í bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, ohùn òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀, orúkọ baba ńlá ẹni di nǹkan mìíràn. Omi bọ́ lójú mi. Àwọn tó jókòó tì mí ń pàtẹ́wọ́, wọn kò mọ ohun tó sọnù. Ṣàngó pípè kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí eré kù. Ládiípọ̀ kú ní 1978, Kọ́lá Ògúnmọ́lá tí òun náà jẹ́ ọ̀gá òṣèré kú ní 1973, Ògúńdé ní 1990. Àwọn tó bá wọn jó nígbà èwe ti di arúgbó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé eré wọn dìde, kó lọ jókòó ti àwọn arúgbó yẹn báyìí, kó gba ohùn náà lẹ́nu wọn, kó sanwó fún onílù bàtá kí ó tó sanwó fún oníná.

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ló kù. Gbogbo eré tí ẹ kà, Victoria Island ni ẹ fi wọ́n sí. Ṣé o rántí Ìgànmú? Ilé eré ńlá tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún FESTAC 1977, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá 2025 pẹ̀lú orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ọmọ Ògùn náà nìyẹn. Ògúńdé ló sì kọ́kọ́ darí Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí orin rẹ̀ dún níbẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ kò sì le fún wa mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀: kí á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbádó, kí á wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line dé Ọ̀yìngbò, ibẹ̀ sí Ìgànmú kò jìnnà.

Síbẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ àwa la ó máa lọ bá eré? Ògúńdé kì í jókòó sí Èkó kó máa retí èrò. Ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn láti ìlú dé ìlú, gbọ̀ngàn ìlú ni o, ilé ẹ̀kọ́ ni o, àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì ni o. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ẹni tó sọ ìwé Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, di eré Láńkẹ́ Ọ̀mùtí ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Má sì sọ fún mi pé èrò kò ní wá l'Ọ́tà. Ní Canaanland tó wà l'Ọ́tà níbí, ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ní ìjókòó 50,000. Èèyàn wà níbí, wọ́n sì fẹ́ràn orin. Àwọn tó ń gbé eré jáde ni kò rí wa.

Nítorí náà, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ fi àsọtẹ́lẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn olórí ìjọ wa nípa gbọ̀ngàn, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn òṣèré, ẹ ní Ìjókò ń dúró dè wọ́n. Kó tó di ìgbà náà, ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ìwọ. Ti ọ̀sán ni kí o rà, kí á lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì jẹ́ ìjókòó iwájú, mo fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn ló ń lùlù. Bí eré bá parí, wá olùdarí lọ, kí o bi í léèrè oṣù tí wọ́n ń bọ̀ l'Ọ́tà. Bí ojú bá ń tì ọ́, èmi yóò bi í.