Ó Yẹ Kí Agbọ̀n Obì Ṣágámù Ní Ilé

Bí a bá ní ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ńlá ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, sìmẹ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí, nítorí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù lọ́dún 1978 lórí òkúta ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obì gbànja ti sọ Ṣágámù di ọjà ńlá kí ilé iṣẹ́ yẹn tó dé. Bí wọ́n bá ká obì tán, wọn á la èèpo rẹ̀, wọn á rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀. Àwọn obìnrin á bó o, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, kí wọ́n tó tò ó sínú agbọ̀n tí a fi ewé tútù tẹ́. Ahunagbọ̀n ń jẹ níbẹ̀, alárù ń jẹ níbẹ̀, awakọ̀ àti àwọn oníṣòwò Hausa ní Sábó náà ń jẹ níbẹ̀. Èyí tó iṣẹ́ tí ìlú ń kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún, ìyẹn ilé tí a ń tọ́jú nǹkan àtijọ́ sí kí ará ìlú lè wò ó, kí wọ́n sì fi kọ́gbọ́n.

Ẹnìkan lè bèèrè pé obì ṣì ń tà, kí ló dé tí a ó fi kó ohun tó wà láàyè sílé ohun àtijọ́? Iṣẹ́ lè wà láàyè kí ìmọ̀ inú rẹ̀ kú. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú obì: kòkòrò ni ọ̀tá olóbì. Ewé tútù kì í jẹ́ kí obì gbẹ, agbọ̀n ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú u yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Lónìí àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí obì, bẹ́ẹ̀ a kì í se obì ká tó jẹ ẹ́. Tútù la ń rún un. Ọ̀nà àtijọ́ ṣì wúlò fún ìlera wa. Agbọ̀n tí a kàn gbé kọ́ ara ògiri kò lè sọ èyí. Ohùn ìyá olóbì ni kí wọ́n gbà sílẹ̀, ní èdè Rẹ́mọ gan-an. Fóònù lásán tó fún iṣẹ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù, mi ò sì fojú kéré rẹ̀, nítorí ilé tí kò ní olùtọ́jú, ikán ni yóò jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá kọ́ ilé tuntun. Ní Èbúté Mẹ́ta ní Èkó, ilé òṣìṣẹ́ ojú irin kan tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1898, tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, ni ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tún ṣe, tí wọ́n kó àwòrán àti ohun èlò ojú irin sí. Yàrá kan lẹ́bàá ọjà tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù, bí ẹgbẹ́ olóbì bá gbà láti máa san owó olùtọ́jú. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì náà lè kó irinṣẹ́ àtijọ́ àti àwòrán rẹ̀ wá. A ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú ìrántí ẹni ńlá: ibojì Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ń gbàlejò. Àwọn tó ń bó obì kò ní ibojì tí àlejò ń wá wò, ìdí sì nìyẹn tí orúkọ wọn fi gbọ́dọ̀ wà lára ògiri yàrá náà. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Hausa, torí ìtàn obì yìí kò parí sí Ṣágámù. Ó dé Kánò.