Àdùkẹ́, Wò Ó Tán Ná

Àdùkẹ́, jókòó. Gbé fóònù yẹn kalẹ̀. Mo ní kí o gbé e kalẹ̀, mi ò ní kí o máa yọ́jú wò ó lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ti dé etí mi. Ìbà Ẹ́stéètì la wà yìí, ọ̀rọ̀ kì í sùn síta níbí. Wọ́n ní o ń la ohùn mọ́ ìyá ẹlẹ́ja pé Arọ́lákẹ́ inú Aníkúlápó, ọ̀dàlẹ̀ obìnrin ni, òun ló pa ọkọ ẹ̀. Ẹnu rẹ mú, mo mọ̀. Inú ìdílé wa lo ti jogún ẹ̀. Àmọ́ èmi àtìwọ la jọ wà ní pálọ̀ yìí nígbà tí ò ń wo fíìmù náà. O ń fò ó bíi tata. Fíìmù tó lé ní wákàtí méjì, o parí ẹ̀ kí ìrẹsì mi tó jinná!

Ibi tí o fò yẹn gan-an lẹjọ́ wà. Ta ló gba àdó tí wọ́n fi ń jí òkú lọ́wọ́ ẹyẹ Àkàlà nínú igbó? Ṣé Sàró ọkọ ẹ̀ ni? Arọ́lákẹ́ ni o, olorì Aláàfin, tó sá fi ààfin sílẹ̀ nítorí ahunṣọ tí kò ní nǹkan kan. Ìgbà tí Sàró wá di ẹni tó ń jí òkú, ó gba gbogbo ògo sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń kó obìnrin jọ, ó tún ní àfi kí wọ́n fún òun ní ọmọ ọba. Ó dáa, bú Arọ́lákẹ́ pé ó da ohun tó wà nínú àdó nù. Èmi náà rò pé ọwọ́ rẹ̀ le jù. Ṣùgbọ́n kí o ti rí ohun tójú ẹ̀ rí kí o tó bú u.

Mi ò sọ pé àwọn ọ̀mọ̀wé LASU lọ́hùn-ún nìkan ló lè dá sí ọ̀rọ̀ fíìmù. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ì bá wò ó? Nígbà tí Oyin Adéjọbí ń ṣe eré Kóòtù Aṣípa lórí tẹlifíṣọ̀n n'Íbàdàn, àwọn àgbà tí kò mọ a bí dí ló ń jà jù. Ẹni tó gbè sẹ́yìn ìyàwó á wà, ẹni tó gbè sẹ́yìn ọkọ á wà, ariwo á ta. Àmọ́ olùpẹ̀jọ́ á rò, olùjẹ́jọ́ á rò, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dájọ́. Nígbà tó di ayé kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọjà Alábà nìyí nítòsí wa, kò sí èyí tí o fẹ́ tí o ò ní rí. Wọ́n á ta apá kìíní fún ọ, wọ́n á já a sí ibi tó dùn jù, wọ́n á ní kí o máa retí apá kejì. Tí o bá ti fẹ́ máa ṣe adájọ́ nígbà tí o ò tíì rí apá kejì, wọ́n á ní kí o panu dé.

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni ti fíìmù Ṣaworoidẹ. O ní ó ń falẹ̀, o ní ó ti sú ọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ kẹ̀! Ibi tí wọ́n ti ń dá májẹ̀mú adé, ìlù àti gbẹ́rẹ́ yẹn ni gbogbo ìtàn wà. Tí o bá fò ó, o ò ní mọ ìdí tí ohùn ìlù fi lè pa Lágátà, sójà tó gba adé, lórí oyè. Wàá ní fíìmù ò nítumọ̀. Ọdún 1999 ni Túndé Kèlání gbé e jáde, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn náà, ọdún yẹn gan-an ni àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Àwa tí a wò ó nígbà yẹn, a mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ọmọkùnrin tó sì ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtà nínú rẹ̀ ni Kúnlé Afọláyan, tó darí Aníkúlápó rẹ ní 2022. Bàbá rẹ̀ ni Adé Lọ́ọ̀fù, tó ṣe Àjàní Ògún pẹ̀lú Ọlá Balógun ní 1976. Èyí tí o ń fò ló bí èyí tí o ń yìn.

Má sì wá fi bílíọ̀nù náírà dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé kọjá bílíọ̀nù kan ní sinimá, fíìmù Nàìjíríà kankan kò tíì pa iye yẹn rí ṣáájú rẹ̀. Orí ọmọ náà pé. Ṣùgbọ́n kí lo rí níbẹ̀ tó dùn mọ́ ọ nínú? O ò rí nǹkan kan sọ, àfi "Àǹtí, ó pawó."

Lọ́jọ́ Sátidé, máa bọ̀ níbí. Ṣaworoidẹ la máa wò, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìwọ ni wàá ra àkàrà. Má bi mí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ o. Tí a bá wò ó tán tí o sì ní kò dáa, sọ ibi tí kò dáa sí. A ó jọ jà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Sì bá mi so íńvátà mọ́ iná kí o tó lọ, kí wọ́n tó mú iná lọ.