Ohun Tí Alásè Bá Gbé Kalẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́ Lórí Oúnjẹ Omakase

Iṣẹ́: Ìmọ̀ Oúnjẹ àti Ìṣaralóore
Kíláàsì: SS 2, Abẹ́òkúta
Àkókò: pẹ́ríọ́ọ̀dù méjì pa pọ̀, ìṣẹ́jú 80
Ohun èlò: ìrẹsì Ọ̀fadà, ìrẹsì Japan (tàbí irú mìíràn tó máa ń lẹ̀ mọ́ra), fínígà, iyọ̀, abọ́ omi, ewé eéran, àwòrán káńtà ilé sushi kan

Ète ẹ̀kọ́

Kì í ṣe pé kí akẹ́kọ̀ọ́ há orúkọ ẹja Japan sórí. Ohun tí a fẹ́ ni kí ó lè ṣàlàyé ìdí tí ènìyàn fi ń san owó ńlá fún oúnjẹ tí kò bá ara rẹ̀ yàn, kí ó sì mọ èyí tó ṣeé ṣe nínú àṣà náà nílẹ̀ Ẹ̀gbá àti èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dán wò.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀

Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti bùkà. Ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀, oníbàárà ni ọ̀gá. Yóò dúró ti ìkòkò, yóò máa nàka: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Láfún méjì, ewédú, kí ẹ fi ṣàkì kan àti pọ̀nmọ́ kan sí i. Rárá mà, èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn." Ìyá olóúnjẹ lè mójú kúrò, ó lè pòṣé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n nàka sí ni yóò bù, torí owó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń nàka.

Nílé ńkọ́? Ọmọ kì í yan oúnjẹ nílé. Ohun tí màmá bá sè ni gbogbo ilé ń jẹ. Ẹni tó bá ní òun kò jẹ, ó ti yan ebi nìyẹn. Níbi ìnáwó pẹ̀lú, àwo tí àwọn tó ń pín oúnjẹ bá gbé kan èèyàn ni tirẹ̀, àfi tó bá mọ ẹnì kan nídìí ìkòkò.

Kí olùkọ́ wá kọ ìbéèrè yìí sójú pátákó: bó bá jẹ́ ẹni tó lówó ló ń yàn, kí ló dé tí àwọn olówó Tokyo, New York àti London fi ń san owó gọbọi kí ẹlòmíràn lè bá wọn yàn? Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn ná. Wọn á ní ṣekárími ni, ẹ̀kọ́ á sì parí síbẹ̀.

Bí oúnjẹ náà ṣe rí

Omakase ni oúnjẹ tí oníbàárà fi gbogbo yíyàn rẹ̀ lé alásè lọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbé ìwé tí wọ́n to orúkọ oúnjẹ sí wá bá èèyàn. Oníbàárà jókòó sídìí káńtà onípákó, alásè dúró lódìkejì, ojú kojú. Ó ń gé ẹja, ó ń fọwọ́ mọ ìrẹsì, ó ń gbé e kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà nílẹ̀ ni wọn yóò jẹ kí òmíràn tó dé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba edé tàbí ẹ̀pà gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà.

Ó ní bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ẹja tí kò lọ́ràá, tí ẹran ara rẹ̀ funfun, ló sábà máa ń ṣíwájú. Túnà pupa á tẹ̀lé e, kí ọ̀rá inú rẹ̀ tó dé. Ẹyin dídín ló sábà máa ń kẹ́yìn. Bí ọ̀rá bá ṣíwájú, ahọ́n kò ní gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e mọ́.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé oúnjẹ ojú títì ni nigiri, irú sushi tó jẹ́ ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ mọ tí wọ́n gbé ẹja lé. Ìlú Edo, tó ti di Tokyo lónìí, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ tí ìtàn sì so mọ́ ọn jù ni ti Hanaya Yohei. Òṣìṣẹ́ ń dúró jẹ ẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Kò sí fíríjì nígbà náà, nítorí náà iyọ̀, fínígà tàbí omi ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹja kó má bàa bàjẹ́. Títí di òní, wọ́n ṣì lè jẹ ẹ́ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò yọ ṣùtì sí èèyàn. Inú kíláàsì máa ń dùn síbí yìí.

Ọjà àárọ̀

Ibí ni ìdáhùn ìbéèrè ojú pátákó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Toyosu ni ọjà ẹja ńlá Tokyo, ibẹ̀ ni wọ́n kó ọjà náà lọ láti Tsukiji, àyè rẹ̀ àtijọ́, ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ẹnì kan tó ní ilé sushi, Kiyoshi Kimura, ra túnà kan ṣoṣo tó wọn kílò 278 ní 333.6 mílíọ̀nù yen. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iye tí wọ́n ń ra ẹja lójoojúmọ́ nìyẹn. Títà àkọ́kọ́ nínú ọdún ni, ìpolówó ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ohun tó ṣe kókó ni pé àwọn oníṣòwò kan ń bẹ níbẹ̀ tí kì í ta ju túnà lọ. Ti ẹlòmíràn, edé nìkan. Ẹni tó ti ń wo ẹran inú túnà láti ogún ọdún mọ èyí tó dára kó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Alásè gbára lé irú ẹni bẹ́ẹ̀, oníbàárà sì gbára lé alásè. Kò sí ìwé oúnjẹ nítorí pé kí ilẹ̀ tó mọ́, alásè fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó máa sè.

A ní irú rẹ̀ níbí. Ní ọjà Láfẹ́ńwá, ìyá olóúnjẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ra ẹ̀fọ́ nítorí pé ẹ̀fọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó máa ń ṣẹ́ igi rẹ̀ wò, ó máa ń yí ewé rẹ̀ padà wo abẹ́. Bí ṣọkọ̀ ọjọ́ náà bá ti gbó, á fi í sílẹ̀, á ra ewúro tàbí gbúre. Oníbàárà tó bá dé lọ́sàn-án tó ní ṣọkọ̀ lòun fẹ́ á gbọ́ pé kò sí. Inú á bí i, bẹ́ẹ̀ ojúure ni wọ́n ṣe fún un.

Ìrẹsì: kí olùkọ́ má kánjú níbí

Àwọn tó mọ̀ nípa sushi á sọ pé ìrẹsì ni ìdí rẹ̀, ẹja ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìrẹsì Japan kúrú, ó lẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá ti jinná, wọ́n á da fínígà tí wọ́n po iyọ̀ mọ́ sí i (àwọn mìíràn á fi ṣúgà díẹ̀ kún un), wọ́n á sì jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Ìrẹsì tí wọ́n gbé kúrò nínú fíríjì kì í ṣe ìrẹsì sushi, ohun yòówù kí wọ́n gbé lé e.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ se ìrẹsì méjèèjì. Kí wọ́n ti ọwọ́ bọ omi tí wọ́n fi fínígà díẹ̀ sí, kí wọ́n bu ìrẹsì tó kún ìka méjì, kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́. Ti Japan á dúró. Ọ̀fadà á tú sọ́wọ́ wọn. Ọ̀fadà, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Ọ̀fadà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, kò ṣeé mọ. Wọn kì í bó gbogbo èèpo ara rẹ̀ tán, rírẹ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ kí wọ́n tó bọ̀ ọ́ ló sì fún un lóòórùn tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ewé eéran ló ń gbà á dúró. Kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú láti fi Ọ̀fadà ṣe nigiri kó wá pè é ní ọgbọ́n tuntun.

Síbẹ̀, wọ́n bá ara wọn tan níbì kan. Kí wọ́n tó dá nigiri sílẹ̀, sushi ayé àtijọ́ ni ẹja oníyọ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú ìrẹsì tó ti jinná, tí wọ́n jẹ́ kó kan. Lẹ́bàá adágún odò Biwa ní Japan, wọ́n ṣì ń ṣe ti ẹja odò báyìí, ó sì lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó ṣí i. Kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹja rà. Fínígà tí wọ́n ń dà sí ìrẹsì lónìí, ọ̀nà àbùjá sí adùn àtijọ́ ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá kò nílò àlàyé gígùn lórí kíkan. Láfún ló ń jẹ. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fa okùn inú rẹ̀ yọ, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì sá a. Ẹni tó bá gba ọ̀nà oko kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á rí i lórí àpáta, ó funfun bí aṣọ tí alágbàfọ̀ sá, òórùn rẹ̀ á sì ti kọ́kọ́ kí i. Rírẹ náà ló ń dín májèlé inú ẹ̀gẹ́ kù. Kí olùkọ́ béèrè bí ìyá wọn ṣe ń mọ̀ pé ó ti rọ̀ tó. Kò sí ẹni tó máa dárúkọ wákàtí. Wọ́n á ní wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni.

Ojú alásè

Ilé sushi tí ayé mọ̀ jù ni Sukiyabashi Jiro, nísàlẹ̀ ilé kan ní Ginza, Tokyo. Àga mẹ́wàá péré ló wà nídìí káńtà rẹ̀. Wọ́n bí Jiro Ono tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1925. Nígbà tí ìwé Michelin, tó ń fi ìràwọ̀ yin ilé oúnjẹ, kọ́kọ́ dé Tokyo lọ́dún 2007, ó fún ilé yìí ní ìràwọ̀ mẹ́ta. Lọ́dún 2019 ó yọ ọ́ kúrò, kì í ṣe pé oúnjẹ bàjẹ́ o, nítorí pé ará ìlú kò lè dá gba àyè níbẹ̀ mọ́ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Barack Obama jẹun níbẹ̀. Nǹkan bí ogún ẹyọ ni wọ́n ń gbé fún èèyàn, ẹni tó bá yára lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kíláàsì á pariwo níbí. Kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n pariwo.

Fíìmù kan tó jáde lọ́dún 2011, Jiro Dreams of Sushi, fi ohun méjì hàn tó yẹ ká dúró lé. Èkíní, wọ́n ń fọwọ́ po ọ̀tọ́pọ́ọ̀sì fún bí ogójì sí àádọ́ta ìṣẹ́jú kí wọ́n tó sè é, kó má bàa le bí rọ́bà. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ se ẹyin dídín ju igba ìgbà lọ kí ọ̀gá tó ní èyí dára.

Èkejì, Jiro ń wo ọwọ́ oníbàárà. Bó bá rí i pé òsì ni ẹni náà ń lò, á gbé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sí apá òsì láìsọ̀rọ̀. (Nílé Ẹ̀gbá, ìyá àgbà á ti gbá ọwọ́ yẹn.) Ó ń dín ti obìnrin kù díẹ̀ kí gbogbo káńtà lè máa jẹ pọ̀. Ohun tí owó náà ń rà nìyí: àárọ̀ kan lọ́jà, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́, àti ojú tó ń wo èèyàn bó ṣe ń jẹ. Ẹja fúnra rẹ̀ kéré níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá sì yẹ̀, mo rò pé kí oníbàárà gba ìwé oúnjẹ, kó yan tirẹ̀.

Àwọn tiwa ní London

Iré Hassan-Odukale àti Jeremy Chan ṣí ilé oúnjẹ Ikoyi ní London lọ́dún 2017; ó gba ìràwọ̀ Michelin kan, ó sì di méjì lọ́dún 2022. Ata àti èròjà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ wá ẹ̀bà síbẹ̀ á pa dà lófo. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìràwọ̀ kan ilé oúnjẹ Akoko, tí Aji Akokomi dá sílẹ̀, ó sì kan Chishuru ti Adejoké Bakare, ẹni tí wọ́n tọ́ ní Kaduna, tó ti kọ́kọ́ tà ní Brixton. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ ní Britain tó gba ìràwọ̀ yẹn. Ní Èkó, Michael Elégbèdé ń ṣe irú rẹ̀ ní ÌTÀN Test Kitchen.

Ṣé omakase ni? Ó sún mọ́ ọn. Alásè ló ń tò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tò ó sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, ohun kan náà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo oníbàárà ló ń rí ojú ẹni tó sè é. Kí akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lé e; èmi gbà pé káńtà ló ń dá ìyàtọ̀ náà sílẹ̀.

Ìkìlọ̀

Láìsè ni wọ́n sábà máa ń jẹ ẹja sushi, nítorí náà kí a kọ èyí sójú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì pupa: a kì í jẹ ẹja odò láìsè. Ẹ̀pìyà odò Ògùn, àrọ̀ inú ọ̀gọ̀dọ̀, èyíkéyìí. Aran inú ẹja omi aláìníyọ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́. Ẹja òkun pàápàá ní aran. Ìlànà Yúróòpù ni pé ọ̀pọ̀ ẹja tí a máa jẹ láìsè gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù −20°C fún wákàtí 24, ó kéré tán. Fíríjì wo ní Abẹ́òkúta ló ń rí iná tó bẹ́ẹ̀? Fínígà àti ọsàn wẹ́wẹ́ kì í pa aran yìí.

Iṣẹ́ kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún á di alásè, mẹ́jọ á jókòó. Òjòjò gbígbóná kan á kọ́kọ́ jáde látinú epo. Ọ̀fadà á tẹ̀lé e nínú ewé tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, àrọ̀ yíyan. Láfún àti ewédú ló máa kẹ́yìn, òkèlè méjì péré, kó ṣì máa gbóná nígbà tó bá kan ọwọ́. Kò sí ẹni tó máa béèrè ohun tó ń bọ̀. Àwọn tó jókòó á kùn pé kò yó wọn, torí Ẹ̀gbá kì í pe ohun tí kò kún abọ́ ní oúnjẹ. Kí àwọn alásè máa kọ ohun tí wọ́n rí lójú àwọn tó jókòó sílẹ̀.

Ìgbéléwọ̀n

1. Kí ló dé tí ẹja ọlọ́ràá kì í ṣíwájú?
2. Iṣẹ́ wo ni kíkan ń ṣe nínú láfún àti nínú sushi àtijọ́?
3. Ìyá olóúnjẹ Láfẹ́ńwá àti alásè Tokyo: ta ni oníbàárà ń fọkàn tán jù, kí sì nìdí?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ bá màmá tàbí ẹ̀gbọ́n yín lọ ọjà láàárọ̀ Sátidé láìmú ìwé ohun tí ẹ fẹ́ rà dání. Ẹ má dá sí i. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí wọ́n gbé, tí wọ́n wò, tí wọ́n sì dá pa dà sórí àtẹ, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n sọ fún yín. Ojú ewé kan tó.