Nígbà tí Ọ̀nà Èémí Ọkọ̀ Bá Dí

Bí ọkọ̀ bá ń sáré dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ ń tán bí ó bá ń gun òkè láàrin Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, kì í ṣe epo nìkan ni ó yẹ kí a fura sí. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde ni ó ti dí.

Ẹ́ńjìnnì ń mí gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú, ó ń jó wọn, èéfín sì ń jáde. Èéfín náà a kọ́kọ́ gba inú kátálíìsì kọjá, èyí tíí ṣe àpótí irin tí inú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, tí ó sì ń dín májèlé èéfín kù. Lẹ́yìn náà ni yóò dé sàlẹ́ńsà tí ń pa ariwo. Bí ibìkan bá dí, èéfín kò ní lè jáde tán, kò sì ní sí àyè fún afẹ́fẹ́ tuntun.

Àmì rẹ̀ nìyí: awakọ̀ yóò tẹ iná títí, ọkọ̀ kò ní yára, epo yóò máa tètè tán, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná jù, nígbà mìíràn, yóò ṣíṣẹ́, yóò sì kú lójú ẹsẹ̀.

Kí ni ó ń fà á? Bí púlọ́ọ̀gì kò bá taná dáadáa, epo tí kò jóná yóò wọ inú kátálíìsì, yóò jó níbẹ̀, ooru rẹ̀ yóò sì yọ́ afárá náà pọ̀. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ a máa fi eérú dí ihò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì wà lójú kan fún oṣù púpọ̀, agbọ́n lè fi amọ̀ kọ́lé sẹ́nu páìpù.

Nítorí náà, kátálíìsì tí ó dí sábà máa ń jẹ́ àmì àrùn mìíràn. Ẹni tí ó pààrọ̀ rẹ̀ láì tún púlọ́ọ̀gì ṣe yóò tún padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹni tí ó sì ní kí a dá ihò sí páìpù kí èéfín lè rọ́nà lọ ń fi ẹ̀mí ṣeré. Carbon monoxide inú èéfín kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Bí páìpù bá ń jò lábẹ́ ọkọ̀, ó lè wọlé bá wa, pàápàá ní àkókò ọyẹ́ tí a ti gíláàsì pa. Bí orí bá ń fọ́ àwọn èrò, tí òòyì sì ń kọ́ wọn, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ bọ́ síta. Ẹ tètè gbé ẹni tí ó bá ṣe lọ sí ilé ìwòsàn, irú èyí tí ó wà ní Ìdó.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọlọ́run yóò máa pa àlọ àti àbọ̀ wa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwa fúnra wa ni àyẹ̀wò ọkọ̀ wà.