Ìgbà Wo Ni Páténtì Ń Kú?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà, Denton ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ máa ṣe ẹ̀rọ ìgúnyán tà. Mo rí páténtì kan tó jọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, 2007 ni wọ́n fi ìwé béèrè fún un, ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, 2010 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Àmì ìràwọ̀ kan wà lójú ewé àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọjọ́ 212 sídìí rẹ̀. Ẹnì kan ní ọdún 17 ni páténtì ń lò, ẹlòmíràn ní 20. Ta ni kí n gbà gbọ́?
— Ìyá Ìbejì, Denton

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrònú, Ìyá Ìbejì. Òfin àtijọ́ ni ẹni tó ní 17 ń sọ. Bí àpẹẹrẹ, ní Dallas tó wà nítòsí yín, Jack Kilby ti iléeṣẹ́ Texas Instruments béèrè páténtì lórí integrated circuit, ègé tíntìntín tó ń bẹ nínú gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà, lọ́jọ́ 6, oṣù Kejì, 1959. Ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, 1964 ló tó rí i gbà. Ọjọ́ ìfọwọ́sí ni wọ́n ti ń ka ọdún 17 nígbà náà, ó sì parí ní 1981. Bí ìwé bá ṣe ń pẹ́ lọ́fíìsì tó, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìparí ń sún síwájú. Ní Japan, ẹ̀ka kan lára iṣẹ́ Kilby yìí kò rí ìfọwọ́sí títí di 1989!

Ìwé tó bá wọlé ní Amẹ́ríkà láti ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, 1995, ọdún 20 ni, ọjọ́ ìbéèrè la sì ti ń kà á. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìwé kan tó ti wà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ ti ìyá rẹ̀ la ó kà. Ìwé onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní provisional kò sí nínú ìṣirò yìí.

Òpin èyí tí ẹ rí, ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, 2027 nìyẹn. Ọjọ́ 212 yẹn jẹ́ àfikún. Bí USPTO, ọ́fíìsì páténtì Amẹ́ríkà, bá kọjá oṣù 14 kó tó fèsì àkọ́kọ́, tàbí tó kọjá ọdún mẹ́ta kó tó parí iṣẹ́, wọ́n á fi ọjọ́ kún un. Ọjọ́ tí olùbéèrè fúnra rẹ̀ bá fi falẹ̀ ni wọ́n á yọ kúrò. Ó wá di ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, 2027. Àfi kí ẹ wò ó bóyá ẹni tó ni ín ti fọwọ́ sí terminal disclaimer, tó so òpin rẹ̀ mọ́ ti páténtì mìíràn. Àfikún tó lè tó ọdún márùn-ún ti àwọn olóògùn kò kan ẹ̀rọ ìgúnyán.

Kò tán síbẹ̀. Ẹni tó ni páténtì gbọ́dọ̀ san owó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ààbọ̀, méje ààbọ̀ àti mọ́kànlá ààbọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí i, pẹ̀lú oṣù mẹ́fà fún ẹni tó bá pẹ́, tòun ti owó ìtanràn. Bí wọn kò bá san ìkẹta, páténtì yẹn ti kú láti ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, 2022, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jí i dìde bí kò bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa á tì.

Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ wá a lórí Patent Center, ìkànnì USPTO, ọ̀fẹ́ ni. Bí owó bá ti wọlé, ẹ tọrọ àṣẹ tàbí kí ẹ ní sùúrù. Bí wọn kò bá san án, ẹ ṣì wò ó bóyá páténtì tuntun mìíràn wà lórí abẹ tàbí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ẹ tó náwó sí irin.