BÍ ỌMỌ OGUN BÁ FẸ́ PADÀ WÁLÉ, TA NI YÓÒ ṢỌ́ ARÁ ÌLÚ?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí ọ̀rọ̀ ogun. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan obìnrin nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ogun. Ó kàn wá púpọ̀. Bárékè wà ní Òdogunyàn, lẹ́bàá Ìkòròdú níhìn-ín, a sì mọ àwọn ìyá tí ọmọ wọn wọ aṣọ ológun. Bí a bá sì gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí a tẹ̀ síwájú dé Orù, ibẹ̀ ni àgọ́ àwọn asásálà tí ogun lé kúrò ní Làìbéríà àti Sierra Leone wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlú wa pàápàá mọ ohun tí ogun jẹ́. Ní 1865, àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, títí Glover tí ó ń ṣe ìjọba Èkó nígbà náà fi rán ọmọ ogun wá tú wọn ká ní oṣù Kẹta ọdún náà. Ẹ̀pẹ́ ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fi ṣe ibùgbé lẹ́yìn tí ogun lé wọn kúrò ní Èkó ní 1851. Ìkòròdú mọ ìdótì, Ẹ̀pẹ́ sì mọ bí a ti ń gba ẹni tí ogun lé.

Ìbéèrè wa nìyí: bí orílẹ̀-èdè kan bá rán ọmọ ogun lọ láti dá ààbò bo ará ìlú, nígbà wo ni ó tọ́ kí ó pè wọ́n padà?

1. Ìdí tí wọ́n fi lọ

Ogun Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1989, nígbà tí Charles Taylor kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ìlú. Ní ìparí oṣù Keje 1990, ọ̀pọ̀ ará ìlú sá wọ ilé ìjọsìn St. Peter's Lutheran ní Monróvíà. Àwọn ọmọ ogun Ààrẹ Samuel Doe ká wọn mọ́ ibẹ̀ lóru, wọ́n sì pa nǹkan bí 600 ènìyàn, tọkùnrin, tobìnrin, tọmọdé. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, ni ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ gbé dìde, gúnlẹ̀ sí èbúté Monróvíà. Nàìjíríà ni ó kó ọmọ ogun àti owó tí ó pọ̀ jù lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún jagun ní Sierra Leone.

2. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní kí wọ́n padà

Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èkíní, ọmọ wa ń kú lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa. Èkejì ni ọ̀rọ̀ owó. Ààrẹ Olusegun Obasanjo, tí ó gorí àlééfà ní oṣù Karùn-ún 1999, sọ pé ohun tí Nàìjíríà ti ná lé ní bílíọ̀nù 8 dọ́là. Ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nílé kò ní àga. Ẹ̀kẹta, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun náà ṣe ohun tí kò tọ́. Wọ́n kó ẹrù ará ìlú ní Monróvíà. Ní Freetown, ní 1999, àwọn kan nínú wọn pa ẹni tí wọ́n fura sí láì gbé e dé ilé-ẹjọ́. Ẹ̀kẹrin, ìlú tí àlejò ń ṣọ́ fún títí kì í tètè kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ara ẹni.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún ìyá ọmọ ogun pé kí ó fi ọmọ rẹ̀ ṣọ́ ọmọ ẹlòmíràn títí láé.

3. Ohun tí ìlọ òjijì ń fà

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Rùwáńdà. Ní oṣù Kẹrin 1994, nǹkan bí 2,000 ènìyàn sá wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kigali, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán wá wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, a pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí pé kí wọ́n máa lọ. Bí wọ́n ti ń jáde ni àwọn apààyàn ń wọlé. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn náà ni wọ́n pa. Àwọn ọmọ ogun Gánà, pẹ̀lú ọ̀gá wọn Henry Anyidoho, kò lọ ní tiwọn. Wọn kò pọ̀, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yè ní àwọn ibi tí wọ́n dúró sí.

Ẹ wo Sierra Leone pẹ̀lú, ilẹ̀ tí àwọn Sàró wa ti wá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọ Freetown. Wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, wọ́n gé ọwọ́ ọmọdé àti àgbà. ECOMOG ni ó lé wọn jáde. Ní oṣù Keje, a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Lomé, Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò. Àwọn ọmọ ogun Àjọ Àgbáyé tí ó gba ipò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, wọn kò sì pọ̀ tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2000, ní àwọn ọjọ́ tí ECOMOG ń parí ìlọ rẹ̀ gan-an, àwọn RUF mú nǹkan bí 500 nínú wọn. Bí olè bá de ọdẹ mọ́lẹ̀, ta ni yóò gba onílé sílẹ̀? Àfi ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó sáré dé ni ọkàn Freetown tó balẹ̀ díẹ̀.

4. Ìlọ tí ó ní ètò

Lẹ́yìn èyí, Àjọ Àgbáyé fi kún ọmọ ogun rẹ̀ títí ó fi di 17,500, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Àwọn ajagun tí ó lé ní 70,000 kó ohun ìjà sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2002, a kéde pé ogun ti parí. Àwọn ọmọ ogun kò tí ì lọ nígbà náà. Wọ́n ń fi àgbègbè kọ̀ọ̀kan lé ọlọ́pàá ìlú náà lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, títí ìyókù wọn fi kúrò ní oṣù Kejìlá 2005. Ogun náà kò sì padà.

Làìbéríà rí ọ̀nà méjèèjì. Wọ́n dìbò ní 1997, Taylor wọlé, ECOMOG sì kúrò kí 1999 tó parí. Ṣùgbọ́n Taylor kò jẹ́ kí wọ́n tún ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú náà tò bí àdéhùn ti wí. Ní 1999 kan náà ni ogun tún bẹ̀rẹ̀. Ní 2003, àwọn obìnrin, Kristẹni àti Mùsùlùmí, pẹ̀lú Leymah Gbowee, wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó nínú oòrùn àti òjò lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monróvíà, wọ́n ní àlàáfíà ni àwọn fẹ́. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ dé; Àjọ Àgbáyé gba iṣẹ́ náà ní oṣù Kẹwàá. Nígbà yìí, wọn kò kánjú. Ní 2016 ni wọ́n fi ààbò ìlú lé ọlọ́pàá àti ọmọ ogun Làìbéríà lọ́wọ́. Ní oṣù Kìíní 2018, Ellen Johnson Sirleaf, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gbé ìjọba lé George Weah lọ́wọ́ ní ìrọ̀rùn. Ní oṣù Kẹta ni Àjọ Àgbáyé tó parí iṣẹ́ rẹ̀.

5. Ohun tí a rí kọ́

Gbogbo ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ rí mọ̀ pé a kì í fi kíláàsì ọmọ kéékèèké sílẹ̀ nígbà tí olùkọ́ tí yóò gbà á kò tí ì wọlé. Kò sí olùkọ́ tí kò ní lọ sílé. Ẹni tí ó gbà á ni a ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ ogun. Ó tọ́ kí ó padà wálé. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ọjọ́, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun mẹ́ta:

(a) Ta ni ó gba ipò rẹ̀, ǹjẹ́ ó sì lágbára tó?
(b) Ǹjẹ́ a ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń pa ènìyàn?
(d) Ǹjẹ́ a ti sọ fún ará ìlú ṣáájú, kí arúgbó, aboyún àti aláìsàn lè rí ibi gbà? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ sọ fún un.

Bí owó bá sì wúwo jù fún ẹnì kan, kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù bá a gbé e. Bí ọmọ ogun bá hùwà ìkà, kí a fìyà jẹ ẹ́. Kí a má ṣe tìtorí rẹ̀ fi àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Ní 2019, àwọn ọmọ ogun wa ní Borno kúrò ní àwọn ibùdó kéékèèké, wọ́n kó ara wọn jọ sí ibùdó ńlá, nítorí pé àwọn Boko Haram ń ya bo àwọn kéékèèké, wọ́n sì ń pa wọ́n. Ìdí náà yé wa, nítorí ọmọ abiyamọ ni ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ abúlé àti oko ló wà lẹ́yìn àwọn ibùdó ńlá náà. Ní oṣù Kọkànlá 2020, nínú oko ìrẹsì lẹ́bàá Zabarmari, wọ́n pa ó kéré tán ènìyàn 43 tí ó ń kórè. Ọmọ abiyamọ ni àwọn náà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìlọ ECOMOG kúrò ní Làìbéríà àti ìlọ Àjọ Àgbáyé ní 2018?
2. Bí ọmọ rẹ bá wà lójú ogun, kí ni ìwọ yóò sọ fún ìyá tí ọmọ ogun náà ń ṣọ́ ilé rẹ̀?
3. Kí ni àwọn obìnrin Làìbéríà ṣe tí àwa náà lè ṣe?

Kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bẹ ìdílé ọmọ ogun kan wò ní àdúgbò rẹ̀. Kí a béèrè àlàáfíà wọn, kí a sì tẹ́tí sí ohun tí wọ́n bá sọ.