Awọ Ara Wa àti Oògùn Oko

Ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Ẹ fi ìka méjì fà á sókè díẹ̀. Ohun tí ẹ fà yẹn ni awọ. Bí a bá lè tẹ́ awọ àgbàlagbà kan sílẹ̀, yóò fẹ̀ tó ẹní tí ènìyàn lè sùn lé.

Ìpele 3 ni awọ ní. Ìpele òkè ni ó fẹ́lẹ́ jù. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi lè ha ara díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde. Ó ń gbó, ó ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀, tuntun sì ń ti ìsàlẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Láàárín nǹkan bí oṣù 1, ó ti pààrọ̀ tán. Níbi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀, ó máa ń nípọn sí i. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àwọn obìnrin tí ń gún iyán fún ọdún iṣu ní Savalou, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ: ó yi bí awọ bàtà. Ṣùgbọ́n ìpénpéjú wọn fẹ́lẹ́ bíi ti gbogbo ènìyàn. Nínú ìpele òkè yìí kan náà ni aró tí ó mú wa dúdú wà. Òun ni ó ń gba ìtànṣán oòrùn dúró. Ẹni tí ó ń fi ìpara bó ara rẹ̀, odi ara rẹ̀ ni ó ń wó.

Ìpele kejì ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, àti gbòǹgbò irun, àti àwọn àpò kékeré tí ń ṣe òógùn. Nígbà tí òógùn bá ń gbẹ lára wa, ó ń mú ara tutù. Ibẹ̀ náà ni àwọn iṣan tí ń jẹ́ kí a mọ̀ pé iná jó wa tàbí pé ẹ̀gún gún wa wà. Àrùn ẹ̀tẹ̀ ń pa iṣan wọ̀nyí. Bí ẹ bá rí ojú ibì kan lára yín tí ó mọ́ ju awọ yòókù lọ, tí ẹ fi ìyẹ́ adìẹ kàn án tí ẹ kò sì mọ̀ ọ́n lára, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀tẹ̀ ní oògùn, ó sì ń san.

Ìpele kẹta jẹ́ ọ̀rá. Ó ń pa ooru ara mọ́ nígbà ọyẹ́.

Odi ni awọ, ṣùgbọ́n odi náà ní ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin tí ń gbin òwú ní Bantè àti Savalou fetí sí dáadáa. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń sọ pé: «Èmi kò mu oògùn kòkòrò náà. Kí ni ó lè fi mí ṣe?» Oògùn tí a ṣe kí ó lè wọ ara kòkòrò, ó lè wọ ara ènìyàn pẹ̀lú. Ẹni tí ń bó kajú mọ̀ pé omi èèpo rẹ̀ ń jó ọwọ́. Ó máa ń rí egbò náà, á sì ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oògùn òwú kì í jóni, kì í dá egbò. Ó ń wọlé jẹ́ẹ́, ó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ.

Gbogbo ibi lára kọ́ ni ó ń wọlé bákan náà. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi oògùn kòkòrò kan tí ń jẹ́ parathion wò ó, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1971. Èyí tí ó wọlé ní iwájú orí tó ìlọ́po 4 èyí tí ó wọlé ní apá. Ní abíyá, ó tó ìlọ́po 7. Ní awọ epọ̀n ọkùnrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 12. Ẹ wá ro ti pọ́ǹpù tí ń jò. Oògùn ń ṣàn láti ẹ̀yìn, ó gba ìbàdí, ó wọ inú ṣòkòtò lọ. Ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí jù ni ó lọ bá. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tí oògùn wà lára rẹ̀ nu òógùn iwájú orí, ilẹ̀kùn mìíràn ni ẹ ṣí yẹn.

Ara tí ó gbóná, tí ó sì tutù fún òógùn, ń tètè gba oògùn. Nítorí náà, òwúrọ̀ ni kí ẹ fín in, kí ẹ má dojú kọ afẹ́fẹ́. Ẹ tún pọ́ǹpù ṣe kí ẹ tó gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà rọ́bà, kí ẹnu ṣòkòtò bo bàtà náà lórí. Bí ó bá wà nínú bàtà, ohun tí ó bá ṣàn sílẹ̀ yóò kún bàtà yín.

Ní ọdún 1999, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn kan tí ń jẹ́ endosulfan lórí òwú ní Bẹ̀nẹ̀. Láàárín ìgbà díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní Borgou, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn mìíràn jẹ oúnjẹ tí ó kàn án, àwọn mìíràn fi ike rẹ̀ bu omi mu. Ní ọdún 2011, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan láti mú endosulfan kúrò lọ́jà. Òun nìkan kọ́ ni oògùn tí ń pani.

Bí orí bá ń fọ́ ẹni tí ó fín oògùn, tí ó ń bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ kíá. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, títí dé irun orí àti abẹ́ èékánná. Ẹ má fún un ní epo tàbí wàrà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ike oògùn náà dání kí nọ́ọ̀sì lè ka orúkọ rẹ̀.

Ó ku aṣọ. Aṣọ tí a fi fín oògùn kò gbọdọ̀ wọ inú agbada kan náà pẹ̀lú aṣọ ọmọ. Awọ ọmọ tuntun fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Lọ́pọ̀ ilé, ìyàwó ni ó ń fọ aṣọ náà pẹ̀lú ọwọ́ lásán, ọmọ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nílé tiyín, ta ni ó ń fọ̀ ọ́?